Pọ̀rọ́sẹ́sọ̀ Tí Mo Fi Gbẹ̀san Lára Tíṣà

Ojú mi ló ṣe. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, kò sí èyí tí ẹnì kan wá sọ fún mi. Mo wà ńbẹ̀, mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, ojú mi sì là kedere. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu Tíṣà, irọ́ ló gbọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu Ẹnjiníà, ìdajì ló gbọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni odidi ẹ̀ wà.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé mẹ́ta ni mo kà n'Ógbòmọ̀ṣọ́ kí bàbá mi tó ní kí n wá di ọkọ́ mú. Ṣùgbọ́n ẹ dé Ìgàndó, láti ibùdókọ̀ títí dé ọ̀nà Egan, kí ẹ béèrè pé ta ló mọ iṣẹ́ fídíò jù, èmi ni wọ́n máa júwe fún yín. Mo ti ń gbé kámẹ́rà lé èjìká láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ṣì tóbi bíi búlọ́ọ̀kù. Àwọn tó gboyè ń gbéyàwó, èmi ni mo ń yà wọ́n. Àwọn lọ́yà ń sin bàbá wọn, èmi ni mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró síbí, kí wọ́n wojú mi, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Wọ́n sì ń gbọ́.

Nínú gbogbo iṣẹ́ mi, èyí tí mo fi ń yangàn jù ni ti Àsàlátù àwọn ìyá mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń pàdé, nínú aṣọ funfun tó mọ́ nigínnigín, wọ́n á ṣe àdúrà, wọ́n á kọrin. Móólúdì wọn, wòlímọ̀ wọn, ọjọ́ tí wọ́n bá ń fi ẹnì kan joyè, èmi ni mo ń yà á. Alfa Kámẹ́rà ni wọ́n ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò kéwú parí. Ó sì ní bí wọ́n ṣe ń fẹ́ iṣẹ́ wọn o, àlejò ò lè mọ̀ ọ́n. Nínú fídíò Àsàlátù, o ò gbọdọ̀ gé ojú ẹnikẹ́ni kúrò. Ìyá tó bá dìde tó lọ lẹ owó mọ́ akọrin níwájú orí, o gbọ́dọ̀ fi hàn láti ìgbà tó ti kúrò lórí àga títí tó fi padà jókòó. Tí o bá gé e, ohun tí o ń sọ ni pé kò náwó. Ìdí nìyí tí fídíò mi fi máa ń gùn bí ọ̀nà Abẹ́òkúta.

Tí fídíò bá sì gùn báyẹn, tí o bá ti tò ó tán nínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sè é pọ̀ di ẹyọ kan. Rẹ́ńdà là ń pè é. Bó bá ti ń rẹ́ńdà, ìwọ lọ jẹun, lọ kírun, lọ kí ẹni tó bímọ, wàá padà wá bá a lẹ́nu ẹ̀. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni pọ̀rọ́sẹ́sọ̀, pẹlẹbẹ kékeré kan báyìí tí kò ju bisikíìtì lọ. Òun ni ọpọlọ. Tèmi ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò dójú tì mí rí, àfi ìgbà tí Tíṣà dé.

Ará Èkìtì ni Tíṣà. Ó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù fídíò sí ọ̀kánkán mi. Ṣé ẹ rí ìwà yẹn? Alímọ̀ṣọ́ fẹ̀ lọ bẹẹrẹ, Ẹ̀gbẹ́dá ńbẹ, Ìkòtún ńbẹ, Àgbàdo ńbẹ, ọ̀kánkán mi ló rí. Síbẹ̀ mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Èmi ni mo júwe ẹni tó bá a kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù. Omi kànga mi ni wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì tó fi tẹ́ ilẹ̀.

Nígbà Móólúdì èṣí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá Àsàlátù mú Tíṣà wá, ó ní kóun náà wá ya díẹ̀. Mi ò bínú. Mo tilẹ̀ bá a wá ibi tó máa dúró sí. Ọjọ́ kejì, èmi ṣì ń to tèmi lọ́wọ́, ti Tíṣà ti wà lórí fóònù gbogbo wọn. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo kó tèmi sínú fíláàṣì, mo dì wọ́n sínú páálí tó dára, mo gbé e lọ fún Ìyá Àdínì, tó jẹ́ olórí wọn.

Ó ní, "Alfa Kámẹ́rà, ẹ ṣeun o. Àmọ́ a ti wò ó."

"Ẹ ti wo kí ni, Ìyá?"

"Móólúdì náà kẹ̀. Tíṣà ti fi ránṣẹ́. Àwọn ọmọ mi tó wà n'Ílọrin gan-an ti wò ó."

Tíṣà jókòó síbẹ̀, ó dé fìlà tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ má dá ọ̀gá mi lẹ́bi. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò yẹn ti tó ẹni tí à ń fún lówó ìfẹ̀yìntì."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ná, kí lorúkọ pọ̀rọ́sẹ́sọ̀ yín gan-an? Wọ́n kọ ọ́ sára kọ̀ǹpútà. Ẹ kà á fún wa jàre."

Ó mọ̀ pé mi ò lè kà á. Ó mọ̀ dáadáa. Iwájú àwọn ìyá tó ń pè mí ní Alfa ló ti bi mí léèrè. Mo ní, "Ẹni tó ń jẹ iyán kì í ka lẹ́tà ara odó." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àkọ́kọ́ ló dún jù.

Ìyá Àdínì ní kí a má jà. Ó ní wòlímọ̀ àwọn tó kéwú parí ń bọ̀ ní Sátidé kan, kí àwa méjèèjì yà á, ẹni tí tiẹ̀ bá kọ́kọ́ tẹ àwọn lọ́wọ́ kí Àsàlátù tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, òun ni yóò máa ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ lọ. "Kò le jù bẹ́ẹ̀ lọ," ló wí.

Lójú tiẹ̀ kò le. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí Tíṣà tó mọ ibi tí wọ́n ń gbà wọ Ìgàndó ni wọ́n gbé sórí ìjàkadì yẹn. Mo délé, mi ò lè jẹun. Mo búra pé ẹnu tí Tíṣà fi sọ̀rọ̀ yẹn ló máa fi kí mi kú iṣẹ́.

Mo pe Ẹnjiníà. Ará ìlú mi ni, òun ló ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe, inú àwo kan náà la ti jọ ń jẹ ẹ̀wà. Mo ní pọ̀rọ́sẹ́sọ̀ tuntun ni mo fẹ́, èyí tó bá ju ti Tíṣà lọ. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń mirí.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n sòótọ́ fún yín. Kò sí nǹkan tó ṣe pọ̀rọ́sẹ́sọ̀ yín yìí. Ibi tí ẹ ń kó fídíò pamọ́ sí ló ti gbó, òun ló ń fà yín sẹ́yìn. Ẹ pààrọ̀ ìyẹn, ẹ fi mẹ́mọ́rì kún un, ó tán. Tuntun tí ẹ ń wí yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tilẹ̀ lè wọ bọ́ọ̀dù yín, pátákó tí wọ́n ń dè é mọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ máa ra bọ́ọ̀dù, ẹ máa ra mẹ́mọ́rì tó bá a mu, ẹ máa ra fáànù tó máa fẹ́ ẹ. Ilẹ̀kùn ló bàjẹ́ o, ẹ wá fẹ́ kọ́ ilé tuntun."

"Tíṣà wá ńkọ́?"

"Tíṣà? Gígé ló ń gé tiẹ̀ kúrú. Kì í ṣe pọ̀rọ́sẹ́sọ̀ rárá."

Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn, mo tọ́jú ẹ̀ pamọ́.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń ra ọjà láì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé Móólúdì èṣí sínú fíláàṣì, mo mú Ẹnjiníà dání, ó di ọjà kọ̀ǹpútà n'Íkẹjà. Mo ní kí òǹtajà rẹ́ńdà apá kan nínú ẹ̀ lórí tuntun kí n rí i. Mo fa àga, mo jókòó tì í, mo ń wo aago ọwọ́ mi, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀. Ó yára. Ohun tí tèmi ń ṣe láti ìrun Àílà títí di Alásàrí, òǹtajà ní èyí máa parí ẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ kírun Àílà tó ṣe àlùwàlá tán, àṣejù ẹnu ẹ̀ nìyẹn o. Ohun tí ojú mi rí ni pé ó fi bí ìdajì dín in kù. Ìyàtọ̀ wà, àmọ́ kì í ṣe ìyàtọ̀ tó yẹ kéèyàn ta kámẹ́rà lé lórí. Orí mi sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Inú mi ní kí n tà á.

Mo ta kámẹ́rà mi kejì lọ́jọ́ yẹn gan-an, nínú ọjà yẹn gan-an.

Ẹnjiníà tún ń kùn létí mi pé, "Ọ̀gá, ẹ tún un rò." Mo yíjú sí i níwájú àwọn òǹtajà. Mo ní, "Ṣé Tíṣà ló ń bọ́ ẹ ni? Àbí kí ló kàn ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Sùkúrù ni mo pè ẹ́ pé kó o wá dè, mi ò pè ẹ́ pé kó o wá ronú." Àwọn òǹtajà hó yèè. Ẹnjiníà gbé ẹrù tí mo rà lé èjìká, a wọ ọkọ̀ dé Ìyànà Ìpájà, a tún wọ ti Ìgàndó.

A dé ṣọ́ọ̀bù, ó ń tú ẹrù. Kí ẹ mọ ohun kan nípa ilé mi: ohun tuntun kì í bọ́ṣọ níbẹ̀. Láílọ́ọ̀nù ṣì wà lára fíríìjì mi. Láílọ́ọ̀nù wà lára àga pálọ̀, bí ooru bá mú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ àlejò nítan. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ láílọ́ọ̀nù lára ẹrù tuntun, ó ti sọ ọ́ di àlòkù lọ́jọ́ tó rà á. Títí tó fi máa ya fúnra ẹ̀ ni tiwa. Èyí pàápàá, mo fẹ́ kí Tíṣà máa wo dídán ẹ̀ láti ọ̀kánkán.

Mo rí i tí Ẹnjiníà ń fi èékánná wá etí láílọ́ọ̀nù kan. Mo pariwo. "Má fọwọ́ kàn án! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bọ́ láílọ́ọ̀nù kankan lára ẹrù mi."

Ó wo ojú mi. "Láílọ́ọ̀nù kankan, ọ̀gá?"

"Kankan!"

"Ti inú ńkọ́?"

"Ti inú, ti ìta, ti abẹ́. Ṣé èdè òyìnbó ni mo fi sọ ọ́ ni?"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́." Ó dè é pa, ó gbowó iṣẹ́ ẹ̀, ó lọ.

Mo dojú apá kọ̀ǹpútà tó jẹ́ dígí kọ títì. Iná pupa ń yí nínú fáànù. Tíṣà rọra rìn wá, ó wò ó títí. "Ọ̀gá, ẹ kú ìnáwó o."

Mo ní, "Ìnáwó kẹ̀? Owó orí tábìlì ni." Mo ṣí àwọn fídíò kéékèèké nínú ẹ̀ kó lè rí i, wọ́n ń fò jáde kíá bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Oorun ọjọ́ yẹn dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ wòlímọ̀ pé. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló kù mí kù, mo fi sáré káàkiri bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́, ṣùgbọ́n mi ò pàdánù ojú kan. Gbogbo ìyá tó dìde, mo bá a lọ, mo bá a bọ̀. Tíṣà dúró sójú kan, ó gbé tiẹ̀ lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ó ń mu kóòkì. Mo ń rẹ́rìn-ín sínú.

Kí wọ́n tó pe ìrun Ìṣáì lálẹ́, mo ti to tèmi tán, mo tẹ rẹ́ńdà. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tó yá, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Lójijì, gbogbo ẹ̀ kú pátápátá. Mo rò pé iná ni. Iná wà. Mo tàn án padà, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún ké, ó tún kú. Ìyàwó mi gbé fáànù onídùúró wá láti ilé, a kọjú ẹ̀ sí i. Ó tún kú.

Ìyàwó mi fọwọ́ kàn án lára, ó yára fa ọwọ́ padà. "Ẹ wò ó bó ṣe gbóná! Ṣé ibà ń ṣe kọ̀ǹpútà náà ni?"

Mo pe Ẹnjiníà. Fóònù ń dún, kò gbé e. Mo tún pè é, kò gbé e. Ní ọ̀kánkán, mo rí Tíṣà tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, tó ń ju kọ́kọ́rọ́ sókè, tó ń hán an, tó ń súfèé orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti parí.

Ọjọ́ Àìkú, ọwọ́ òfo ni mo mú dé Àsàlátù. Wọ́n ti fi orí kan orí lórí fóònù, wọ́n ń wo ti Tíṣà.

Ìyá Àdínì ní, "Alfa Kámẹ́rà, tiyín dà?"

"Ó ń bọ̀, Ìyá."

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi." Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Tíṣà ní, "Ọ̀gá, ṣé tuntun náà ti tún fẹ̀yìntì ni?" Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá Ẹnjiníà tó jókòó síwájú ilẹ̀kùn. Kò kí mi. Ó yọ sùkúrù, ó tú fáànù kúrò lórí pọ̀rọ́sẹ́sọ̀, ó yí i padà. Láílọ́ọ̀nù wà nídìí ẹ̀, pẹlẹbẹ báyìí, ibi tó yẹ kí irin ti fara kan pọ̀rọ́sẹ́sọ̀ kó lè máa fa ooru kúrò lára ẹ̀. Ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti ká kò.

"Ẹ̀yin lẹ ní kankan," ló wí.

"O mọ̀ pé ó máa gbóná?"

"Mo mọ̀."

"O sì fi í síbẹ̀?"

"Sùkúrù lẹ pè mí pé kí n wá dè. Ẹ ò pè mí pé kí n wá ronú."

Ó bọ́ láílọ́ọ̀nù náà, ó dè é padà, kò gba kọ́bọ̀, ó lọ. Ará ìlú mi o! Ẹni tí a jọ ń jẹ ẹ̀wà! Mo fi láílọ́ọ̀nù náà kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, gbogbo ẹni tó bá wá, mo máa ń fi hàn án, mo máa ń sọ ẹni tó ṣe é. Gbogbo ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ní Ìgàndó ni mo sọ fún. Wọ́n gbà mí gbọ́. Ìyànà Ìpájà ni Ẹnjiníà ti ń wá oníbàárà báyìí.

Ó wá ku Tíṣà.

Bí láílọ́ọ̀nù yẹn ṣe kúrò, kọ̀ǹpútà náà di ẹyẹ. Mo gba fóònù ìyàwó mi, mo jókòó, mo wo fídíò Tíṣà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òótọ́ ni Ẹnjiníà sọ, gígé ló gé e. Wáàsí pé, oyè pé, Ìyá Àdínì sì wà níbẹ̀ rẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó náwó, bí mànàmáná ni wọ́n ń kọjá. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Nínú ayọ̀ pé ó tètè dé, wọn ò tíì wá ara wọn.

Mo bá wọn wá ara wọn. Mo ṣe fídíò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìyá kọ̀ọ̀kan tí Tíṣà gé, ìdìde rẹ̀, owó rẹ̀, ijó rẹ̀, ìjókòó rẹ̀. Pọ̀rọ́sẹ́sọ̀ ń jẹ wọ́n bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Mo gbé wọn lọ sílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ìyá, ẹ rí ara yín nínú ti Tíṣà?"

"Ẹn-ẹn o. Mi ò rí ara mi."

"Ẹ wo tèmi."

Wọ́n á wò ó, ojú wọn á tàn. Ìgbà yẹn ni mo máa ń dìde, tí mo máa ń wọ bàtà mi, tí mo máa ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà pé, "Tíṣà ò mọ̀ yín, Ìyá. Ta wá ni ẹ rò pé ó ní kó gé yín?"

Mi ò dárúkọ ẹnì kankan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo wà ńbẹ̀. Wọn ò tíì kọrin kejì tí ìyá kan fi dìde, tó ní, "Kí á tó tẹ̀ síwájú, ta ló ní kí wọ́n gé mi?" Òmíràn dìde. "Èmi náà ńkọ́?" Òmíràn ní, "Ẹni tí ojú ẹ̀ kún inú fídíò ló mọ̀." Ìyá Àdínì ní òun ò mọ nǹkan kan, ó fi Ọlọ́run búra, àwọn kan ní kó má fi Ọlọ́run búra. Wọ́n ní kí Tíṣà wá sọ tẹnu ẹ̀. Tíṣà ń sọ̀rọ̀ nípa bí fídíò gígùn ṣe máa ń sú èèyàn. Ìyá kan bi í pé, "Àwa ló sú ẹ?" Fìlà ọlọ́fìlà bọ́ lórí ẹ̀, kò dúró mú un. Mo fi ojú mi rí i tó ń sáré kọjá níwájú mọ́sáláṣí. Mo kí i kú iṣẹ́.

Wọn ò parí ìjà yẹn. Àwọn tí wọ́n gé kó ara wọn jáde, wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀ lọ́nà Egan. Àwọn tó kù ní àwọn ò fẹ́ rí kámẹ́rà mọ́ láéláé, fóònù ọmọ wọn ti tó. Mo gba ọ̀nà Egan lọ bá àwọn tó jáde, pé ṣé èmi kọ́ ni mo fi ojú yín hàn? Wọ́n ní àwọn mọ̀, àwọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n fídíò ló tú àwọn ká, fídíò ò ní wọlé àwọn mọ́.

Tíṣà ṣì wà ní ọ̀kánkán mi, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ló ń yà. Èmi náà wà níbí. Àwọn èèyàn máa ń yà wọlé, wọ́n á wo kọ̀ǹpútà mi, wọ́n á bi mí bóyá ó yẹ kí àwọn náà ra pọ̀rọ́sẹ́sọ̀ tuntun. Mo máa ń sọ fún wọn pé tó bá jẹ́ torí iṣẹ́ ni, ẹ pààrọ̀ ohun tó gbó, ẹ jẹ́ kí ọpọlọ wà níbi tó wà. Tó bá jẹ́ torí ẹ̀san ni, ẹ rà á. Ó yára.

Ohun tó lọ sí i nìyí: kámẹ́rà kan, ẹnjiníà kan, iṣẹ́ Àsàlátù, tèmi àti ti Tíṣà, àti ẹgbẹ́ kan tó ti di méjì.